Àwọn Mẹ́jọ Tí Ìlú Ńlá Ń Bèèrè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Ó ti bọ́ sí i! Ìwé ìjọba ìlú ńlá dé láàárọ̀ yìí. Tí mo bá kó ilé iṣẹ́ bàtà mi wá sọ́dọ̀ wọn: ọdún méjì láìsan owó ilé, ọdún mẹ́ta láìsan owó orí, àwọn ni yóò sì san owó ọkọ̀ tó máa kó ẹrù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun kan péré ni wọ́n ń bèèrè: òṣìṣẹ́ mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ bá mi wá, tẹbítẹbí. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ dín. Kí ló le níbẹ̀?

Ojú ewé kẹta — owó tí ìdílé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi fìdí kalẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n máa san án sí. Gbogbo ẹ̀ tó ra ẹ̀rọ tuntun tó ń rán àtẹ́lẹ̀ bàtà. N ò tíì ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo pè wọ́n jọ sídìí tábìlì tí a ti ń gé awọ. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu mi lónìí o! "A ń bọ̀, ọ̀gá!" — gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀bẹ-ò-mì náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ogún ọdún tó ti ń gé awọ fún mi, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n rí. Ẹni tó bá ní n ò mọ èèyàn kó jọ, kó wá wò ó.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Akọ̀wé Onítáì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi ìwé náà ránṣẹ́, pè láti ìlú ńlá. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọjọ́rú ni kó wá ká fọwọ́ síwèé.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Màmá dé, kò tiẹ̀ gba omi lọ́wọ́ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ti lọ bá a! Mẹ́ta péré nínú wọn ló fẹ́ lọ. Màmá ní ta ló máa wo ojú ọ̀gá ẹ̀ ní gbangba kó ní rárá? Ó ní ṣé mo bi wọ́n ni, àbí mo pàṣẹ? Ó dùn mí wọra. Ṣebí èmi náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ èèyàn rí, ìyàwó ọ̀gá ni mo máa ń rán sí ọ̀gá. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Ó ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé wọn ò rówó gba ilé níbi tí wọn ò ti lẹ́ni. Màmá ò mọ̀ nípa ojú ewé kẹta. N kò lè wo ojú ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ẹ̀rọ tuntun á yára. Á bọ́ gbogbo wa. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀rọ á yára lóòótọ́ — owó yẹn ni kì í ṣe tèmi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Mo ka ojú ewé kẹta sókè fún wọn. Ìyá tó ń lẹ àtẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ti ń di ẹrù. Àwọn tó kù gbè é. Ó ku Ọ̀bẹ-ò-mì.

Ó rọra bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ kìíní. Ojú tì mí. Mo kọ ọ́ síbí: ojú tì mí.

Ó nu ọwọ́, ó ní kí n gbé ìwé náà wá, ọwọ́ òun ló máa wà títí owó á fi dé ọwọ́ oníkálukú. Mo gbé e fún un níwájú gbogbo wọn. Ó ní òun náà ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó kó lọ, gbogbo wa, iṣẹ́ náà á sì dáa. Akọ̀wé Onítáì dé ní aago méjì, ó na kálàmù sí mi. Ọ̀bẹ-ò-mì ló di ìwé mú nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i.