Ohùn Tí O Fi Sílẹ̀ ní Yàrá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ, ṣé orí ò fọ́ ọ mọ́? Kí ìwé tí o ń kà má kà ọ́ tán. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Láti ìgbà tí bàbá àti ìyá wa ti fi wá sílẹ̀, èmi ni mo di bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n mi ò tíì kún, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàbá ni kí o fi gba èyí tí mo fẹ́ sọ. O ní kí n ra fóònù, mo ní mi ò rà, n kò sì tíì rà. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún mi ló máa mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Ilé dára. Mo ti parí àwọn ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó gún régé. Eyín Ìyá àgbà ti ku méjì, méjèèjì ló sì fi ń bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni fóònù rẹ àtijọ́, èyí tí ojú rẹ̀ ti là, tí o gbàgbé sójú fèrèsé yàrá rẹ nígbà tí ìsinmi parí. Ọjọ́ kejì tí o lọ, mo ń fá pákó lẹ́yìnkùlé, ni mo gbọ́ ohùn rẹ nínú yàrá. O ní, Dìde, àwọn ẹlòmíràn ti ń kàwé. Mo rò pé o ti padà dé láìkí ẹnikẹ́ni, mo wọlé kí n lè bá ọ wí. Ibùsùn wà bí o ṣe tẹ́ ẹ, kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pàápàá, kí n tó rí i pé fóònù ojú fèrèsé ló ń fi ohùn rẹ sọ̀rọ̀. Ṣé ilé-ìwé ló ń gba ohùn lọ́wọ́ yín ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́ bi wọ́n pé èló ló kù sí ọ lọ́fun.

Láti ọjọ́ náà kò dákẹ́. Ohùn náà a ní, Mu omi. A ní, Jẹun kíá. A ní, Mí. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, tí Ìyá àgbà ń tòògbé lórí àga, a ní, Má sùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ohùn náà a wá lọ sílẹ̀, a ní, Má sunkún, àyè ò sí. Mi ò mọ̀ pé o ń sunkún. O ò sọ fún mi.

Mo bá a wí. Mo dúró síwájú fèrèsé, mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, mi ò kọ́ ọ pé kí o máa sọ fún àgbàlagbà pé Dìde, bí ẹni ń lé adìyẹ. Ìyá àgbà ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní Ọlọ́mọge, bó ṣe máa ń pè ọ́, ń kánjú ni, kò ráyè fi ọ̀wọ̀ sí i. Òun a máa jẹ́ ẹ. Bó bá ní, Mu omi, Ìyá àgbà a mu, a sì fi ife hàn án.

Nígbà tí o wà nílé, o sọ fún mi pé ohun tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wàhálà ni kó gé ọjọ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí wákàtí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni mí. Gbogbo ibi tí ayùn bá gbà ló ti ń jẹ díẹ̀ nínú pákó. Gé e lẹ́ẹ̀mejì, kò burú. Bí o bá ń gé e lọ bẹ́ẹ̀, eruku ni wàá gbá jọ, pákó ò ní sí mọ́.

Fóònù náà kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Awakọ̀ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, onítọ̀hún ní bátìrì ti wú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo sọ fún Ìyá àgbà pé ó lè sùn lọ́sàn-án báyìí. Ó sùn díẹ̀, ó sì fò dìde. Mo ní kí ló dé, ó ní Ọlọ́mọge pe òun. Mo ní fóònù ò sí nílé yìí mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀, ó ní ta ló sọ pé fóònù ló ń pè.

Láti ìgbà náà kò sinmi. Ó ń dìde, ó ń mu omi, ó ń rìn yíká yàrá rẹ, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń kà á fún. Ó ti rù. Lánàá ó sáré jẹ́ ìpè, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ wú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ó ní òun ò lè jókòó, Ọlọ́mọge ò tíì ní kí òun sinmi. Mo rò ó wò, òótọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tí ohùn yẹn ń sọ, n kò gbọ́ ọ rí kó sọ pé ó tó.

Èmi náà ńkọ́? Láàárọ̀ yìí mo ń kan ìṣó, mo gbé òòlù sílẹ̀, mo lọ mu omi. Òùngbẹ ò gbẹ mí. Ìgbà tí mo dé ìdí korobá ni mo tó bi ara mi pé ta ló rán mi.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Awakọ̀ ní fóònù. Sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kó gbé e wá fún Ìyá àgbà. Sọ pé, Ó tó, ẹ lọ sùn. Má kánjú sọ ọ́. Sọ ọ́ bí ẹni tó gbà lóòótọ́ pé ó tó, torí bí o bá ń parọ́, Ìyá àgbà á mọ̀. Bí o ò bá sì lè sọ ọ́ kó dún bí òótọ́, di ẹrù rẹ kí o bá awakọ̀ wọkọ̀. Ìdánwò á dúró dè ọ́. Èmi ni mò ń san owó ilé-ìwé, èmi ni mo sì ní kí o máa bọ̀.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, ra òróró ìpara fún orúnkún náà, kí o ra ìṣó gígùn fún èmi náà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ohun tí o ń lé ò ní yíjú padà lé ọ. Wàá sùn, wàá sì jí fúnra rẹ, láìsí ẹni tó pè ọ́.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù, ṣùgbọ́n o ti ń pè, Ìyá àgbà sì ti ń dìde pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mò ń lọ dì í mú.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.