Má Tíì Fa Ìlà Tèmi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọpọlọ, mo sì kí ọ kú àìrójú. Ṣé ò ń jẹun kí o tó jókòó ti ìwé? Ọlọ́run tó mú ọ dé yunifásítì kò ní jẹ́ kí orí fọ́ ọ níbẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ. Eyín méjì ti yọ lẹ́nu àbúrò rẹ, a sì ti tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe, kò jò mọ́.

Mo rí àwòrán igi tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, ẹ̀ka rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, mo ní bóyá bí mo ṣe dì í mú ni kò dáa. Mo dorí fóònù náà kodò, àfi bí igi náà ṣe tún yí padà, gbòǹgbò tún bọ́ sókè. Mo ṣe é títí, bàbá rẹ ní kí n fi sílẹ̀ kí n má baà dá igi onígi. Ìgbà tí mo ka àlàyé rẹ ni mo tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń yà á: ẹni àkọ́kọ́ á wà lókè, ẹ ó fa ìlà so ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́ ẹnì kan nínú àwọn tó ti wà nílẹ̀, láìṣàyàn, bí ẹni ju dáìsì lúdò.

Iṣẹ́ tí o rán mi, mo jẹ́ ẹ. O ní kí n bi àwọn aránṣọ ìlú wa léèrè ọ̀gá tó kọ́ oníkálukú níṣẹ́, kí o lè mọ̀ bóyá igi tòótọ́ jọ igi inú ìṣirò rẹ. Mo gbé fọ́ọ̀mù rẹ káàkiri bí ẹni tí ìjọba rán. Ibi tí o kọ ọ́ sí pé a kò ní lo orúkọ, nọ́ńbà la máa lò, ìyẹn dá wàhálà sílẹ̀. Bọ́tìnnì, aránṣọ kúkúrú tó wà ní oríta, bi mí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n wo ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó mú nọ́ńbà tó bá wù ú, ó sì mú ení. Jọ̀wọ́ bá mi tún un ṣe, òun kọ́ ló kọ́kọ́ dé ìdí iṣẹ́ yìí, ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú.

O tún ní bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá tóbi, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò ní ní ẹnikẹ́ni lábẹ́. Ó dún bí èpè létí mi, mo gbàdúrà lórí ìdajì náà fún òwúrọ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wá, mo sì kà á: àwa mẹ́rìnlá ni kò tíì kọ́ ẹnì kankan níṣẹ́.

Ibi tó ti le nìyí. Fọ́ọ̀mù rẹ ní kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé òun kọ́ ẹni náà níṣẹ́ yanjú. O mọ̀ pé mo máa ń sọ pé mo parí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Irọ́ ni. Ó ku oṣù mẹ́rin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lọ́dún tó ṣáájú, mo lóyún rẹ, ojú tì mí, mo fi téèpù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo gba ẹ̀yìn lọ láìdágbére. Ìwọ kọ́ lo fà á, má fi sọ́kàn. Òjò ló lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn lè jẹ́ dáìsì. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn. Láti ọdún náà, bí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń yà ni.

Lọ́jọ́rú mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá a. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́. Mo kúnlẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní kí n sún mọ́ òun, ó fi àtàǹpàkò tọ etí aṣọ ọrùn mi, ó ní ó gún. Ó wá fọwọ́ kan kọ́là ọrùn rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò dúró gba ẹ̀kọ́ kọ́là ló rán èyí. Òótọ́ ni, ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́là ni mo sá. Ìwọ náà mọ̀ pé kọ́là aṣọ iléèwé rẹ kì í dúró.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò lé mi rí, ṣùgbọ́n òun kì í fọwọ́ sí iṣẹ́ àbọ̀. Ó ní oṣù mẹ́rin ṣì ni oṣù mẹ́rin, bẹ́ǹṣì tí mo ń jókòó lé nígbà náà kò sì tíì kán. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, mò ń padà lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdébìnrin tí o jù lọ́jọ́ orí. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó lọ pọ́n sísọ́ọ̀sì mi.

O ní olùkọ́ rẹ fẹ́ gba ìwé ìwádìí rẹ lóṣù méjì sí i. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. Bí kò bá ṣeé ṣe, fi mí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, láìso mí mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí o fa ìlà irọ́ lọ. Bí o bá sì rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún òwú àti aṣọ tí n ó fi kọ́ kọ́là, torí n kò ní lè gba iṣẹ́ oníbàárà púpọ̀.

Ọmọ mi, ohun tí o bẹ̀rẹ̀, wàá parí rẹ̀. Ojú kò ní tì ọ́ kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ọ ní èyí tó kù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ