Kọ́kọ́rọ́ Màmá Ló Kó Mi sí Abẹ́rẹ́

                                        Ahougnansou,
                                        Bouaké, Côte d'Ivoire.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Qoyyum, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìyókù, dìde dúró, nítorí dókítà ló ń kọ̀wé sí ọ. Lọ́jọ́rú tó kọjá, èmi Nourou fi ẹnu lásán gba ọmọ kan lọ́wọ́ àrùn lójú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn nínú ọjà Bouaké. Wọ́n tún wá gún èmi fúnra mi ní abẹ́rẹ́ tó gùn tó apá mi, mi ò ṣẹ́jú, omijé kan ò bọ́.

Báwo ni gbogbo yín ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá yín ti fúyẹ́? Ṣé màmá yín ti dárí ewúrẹ́ tí mo tú sílẹ̀ nígbà Iléyá jì mí? Àwa náà wà dáadáa. Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ti ń gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. O mọ Qoreebah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Raïssa, tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá wa àgbà nítorí pé ìlú Botro ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà. Nígbà tó gba abẹ́rẹ́ éèyí àkọ́kọ́ lóṣù mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Màmá búra pé abẹ́rẹ́ ló gbé àìsàn wọ ilé àwọn, pé ẹlẹ́ẹ̀kejì ò ní wáyé lójú àwọn. Wọ́n ti káàdì ọmọ náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, éèyí dé àgbàlá wa. Ọmọ méjì ló mú, ó sú bo gbogbo ara wọn, ojú wọn pọ́n bí ata. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún sí mi létí lórí fóònù. Ta ló fẹ́ bá Màmá jiyàn? Èmi náà ni.

Monsieur Kouamé, tíṣà SVT wa, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí a kì í lọ síléèwé, mo gbé ìwé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí Màmá ti ń ta àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ nínú ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé sílẹ̀: lymphocyte, antigène, anticorps. Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Tí o bá ti bú mi tán, gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù."

Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ ni oníbàárà kan ti gbé àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́ dé. O mọ bí Màmá ṣe ń ṣe é. Wọ́n fa abọ́ kọ́kọ́rọ́ wọn jáde, wọ́n ń dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi ṣí i. Wọn ò ta ìyẹn o. Wọ́n fi rán mi sí Kàmọ́rù agékọ́kọ́rọ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwa, pé kó gé irú rẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n ta ọ̀kan fún oníbàárà náà, wọ́n sì fi ìyókù kọ́ ìṣó lára ògiri, torí pé irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá.

Qoyyum, orí mi ṣí. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ohun tí ẹ ṣe yìí gan-an ló wà nínú ìwé mi."

Mo sọ fún wọn pé abọ́ kọ́kọ́rọ́ wà lára wa náà: àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àti inú kókó abẹ́ abíyá, eyín ọ̀kan ò jọ ti èkejì. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ á gbé e mì, á já ègé kan lára rẹ̀, á gbé e lọ sínú kókó yẹn láti fi han àwọn yòókù: eyín ta ni èyí bá mu? Ọ̀pọ̀ á mi orí. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ wẹ́kú á pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sì máa tú kọ́kọ́rọ́ kéékèèké sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yẹn á lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà lára, kò ní rí sẹ́ẹ̀lì mìíràn wọ̀ mọ́. Tí ogun bá tán, díẹ̀ á wà lórí ìṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Kòkòrò éèyí tí wọ́n ti gba agbára rẹ̀ ni, àgádágodo tí ara fi ń wá kọ́kọ́rọ́ kí olè gidi tó dé.

Màmá ní kí ló wá dé tí ara ọmọ fi gbóná. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ Kàmọ́rù: ẹ̀rọ wo ló ń gé kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ tí kì í gbóná? Wọ́n ní tó bá ti gé e, kí ni ẹlẹ́ẹ̀kejì wà fún? Mo ní àwọn ọmọ kan wà tí àkọ́kọ́ kì í mú lára wọn, a ò sì lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n. Kàmọ́rù bá dá sí i: "Òótọ́ ni, Màmá. Èmi náà máa ń gé òmíràn tí kì í ṣí."

"O ò sọ ìyẹn fún mi láti ọjọ́ yìí, ìwọ olè yìí."

Wọ́n wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó ń ta oyin ló máa kọ́kọ́ lá a. Abẹ́rẹ́ ipá tí wọ́n fẹ́ gún yín níléèwé, tí o gba ojú fèrèsé sá fún, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gún."

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, ọ̀rẹ́. Kí ilé ìwòsàn tó tì lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gún èmi, wọ́n ti gún Qoreebah. Ara rẹ̀ le. Màmá ti ń kéde ní àgbàlá pé ẹ̀rọ lè gbóná díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pariwo, ìyá mẹ́ta sì ti wá káàdì àwọn ọmọ tiwọn jáde.

Bá mi kí bàbá yín, kí o dọ̀bálẹ̀ kí màmá yín fún mi, kí o sì kí gbogbo ilé.

Ó ku ohun kan, kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa ṣáájú mi sọ ọ́ fún ọ. Nínú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ọjọ́sí, mẹ́ta péré ni mo rí kà, oníbàárà náà sì ti lọ kí n tó la ẹnu. Ìyẹn kéré. Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo purọ́ mọ́ jù. Nọ́ọ̀sì méjì ló dì mí mú, Màmá jókòó lé ẹsẹ̀ mi. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí Qoreebah, tí wọn ò tíì gún, fi yọ bisikíìtì lẹ́nu ara rẹ̀, ó ki í bọ̀ mí lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́.

Èmi ni tìrẹ, tí apá ṣì ń dùn,
Nourou Oṣùọlálé