Ẹrù Tí Wahab Kó Tí Kò Kúrò

Wahab ọmọ mi,

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á síwájú, nítorí ọ̀ràn ńlá ti ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹrù mi tí o ní o kó láti inú fóònù àtijọ́ sínú tuntun, kò kúrò níbi tó wà.

Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ọ ní Ìkẹjà, á ṣọ́ Uswat ìyàwó mi, oníbàárà ò ní wọ́n ní ìsọ̀ fóònù rẹ. Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, àwọn yẹn tilẹ̀ kúrò nínú ìyá wọn pátápátá, wọn ò wà níbi méjì.

Kí lo wá kó? O ní gbogbo ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo fi pamọ́, àti páásíwọ́ọ̀dù wọn, ló ti dé inú tuntun, mo sì rí wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣí ti àtijọ́, wọ́n tún jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí ẹ kó kúrò ní Onígbòǹgbò lọ sí Ifákò, ṣé bẹ́ẹ̀dì yín tún ṣẹ́ kù sí Onígbòǹgbò ni?

Mo ti ṣèlérí fóònù àtijọ́ fún Sùlíyá àbúrò bàbá rẹ, o sì mọ̀ pé nílé wa, a kì í kó kúrò nínú yàrá ká fi pàǹtí sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Ni mo bá gbá a. Bí mo ṣe ń pa wọ́n rẹ́, fóònù ń bi mí bóyá ó dá mi lójú. Èmi, ìyá ọmọ márùn-ún! Mo ní ó dá mi lójú dáadáa.

Ìgbà tí mo padà sínú tuntun, ilẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀ náà. Ojú ewé tí o ń kó àwòrán Ameenat sí, níbi tí mo ti ń wo ọmọ rẹ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tí ẹ ti bí i, ó ti lọ. Làsísì tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ní ṣe lo so méjèèjì pọ̀, pé ohun tí mo bá gbá níbí á kúrò lọ́hùn-ún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ so ẹnu ara rẹ̀ pọ̀.

Wahab, ta ní ń so ilé méjì pọ̀ láìsọ fún ẹni tó ń gbálẹ̀? Lánàá, ọmọ ń fi eyín méjì rẹ́rìn-ín sí mi. Lónìí, ojú fóònù funfun báláú. Tí o bá tún fẹ́ kó o, má kó o sínú fóònù mọ́. Gbé Ameenat fúnra rẹ̀ wọkọ̀, kí o gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

Fi owó ọṣẹ ránṣẹ́, kí o fi ti ìgbálẹ̀ kún un, yàrá méjì ni mo gbá. Ẹrù rẹ ò ní sọnù lọ́nà, àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Modinat.

ÌKÉDE: A ń fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé gbogbo ìbínú òkè yìí di òfo láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Ameenat bá ti kan ilẹ̀ ilé wa. Bó bá ti sùn lọ nínú ọkọ̀, ẹ má jí i, ẹ gbé e wọlé.