Garrett, Jọ̀ọ́ Bá Wa Wo Yunifásítì fún Maren

Toledo, Ohio
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Garrett mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí iṣẹ́. Mo nírètí pé ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ nígbà Kérésì ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé òtútù Fort Wayne ò fojú yín rí màbo. Àlàáfíà làwa náà wà níbí. Noreen ní kí n kí ọ, ó sì tẹnu mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí mo fẹ́ Noreen, ìyàwó rẹ àtijọ́, ni mò ń kọ̀wé sí ọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, Maren, ni.

Ó ku ọdún kan kó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, àsìkò sì ti tó tí òbí ń fi mọ́tò gbé ọmọ kiri láti wo yunifásítì. Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo ti bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá títì sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè é wá wò ó, á ní, "Èyí tẹ́ ẹ bá ti mú náà ti dáa," á gbé páńkéèkì rẹ̀ wọ yàrá. Èrò mi ni pé ojú ń tì í láti bá ọkọ ìyá rẹ̀ rìn láàárín àwọn tó bá bàbá wọn wá.

Ní Sátidé tó kọjá, a kọ́kọ́ lọ wo yunifásítì kan tí kò jìnnà. Ẹ̀yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú wa káàkiri fi ń rìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tó lójú ní ìpàkọ́. Ó bi mí pé, "Sà, níbo lẹ̀yin àtọmọ yín ti wá?" Mo sáré dáhùn kójú má baà ti Maren: "Èmi kọ́ ni bàbá ẹ̀ o. Dírẹ́bà lásán ni mí." Àwọn òbí yòókù rẹ́rìn-ín. Maren ò rẹ́rìn-ín.

A padà dé inú mọ́tò. Ibẹ̀ ló ti gbaná jẹ. "Dírẹ́bà! Ta ló ń dín ẹyin fún mi láràárọ̀? Ta ló jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mò ń kọ́ mọ́tò tí mo gbá ọgbà pásítọ̀ wó? Ṣé dírẹ́bà náà ni?" Ló bá bú sẹ́kún.

Mo ní, "Má bínú, ọmọ. Mo rò pé bàbá ẹ lo fẹ́ kó bá ọ lọ ni."

Ó ní, "Mo fẹ́ wọn. Mo fẹ́ ẹ̀yin náà. Tí mo bá sọ fún yín pé mo fẹ́ kí Dádì wá, ẹ máa rò pé mi ò kà yín sí. Tí mo bá sì pe Dádì, wọ́n á ní àwọn ò lè jókòó sínú mọ́tò yín. Kí n wá ṣe?"

Mo gbá a mọ́ra, jíà mọ́tò sì ń gún mi níhà. Gbogbo bí àwa àgbà ṣe ń yẹra fún ara wa, àṣé ọmọ yìí ló ń ru ẹrù rẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ọ̀nà Indiana la máa gbà, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Jọ̀ọ́, bá wa lọ. Iwájú ni kí o jókòó. Bó bá wù ọ́, gba kọ́kọ́rọ́ kí o wà á. Èmi á wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ọ̀dùnkún díndín. Mi ò wá gba ipò rẹ, o ò sì ní gba tèmi. Bàbá kì í pọ̀ jù fún ọmọ.

Kí Ọlọ́run mú wa pàdé láyọ̀, kó pa wá mọ́ lójú títì, kó sì jẹ́ ká sin ọmọ wa dé ibi tí ara ti máa tù ú.

Èmi ni, ẹnìkejì rẹ nínú iṣẹ́ bàbá,
Lowell Stroup

Àfikún: Dádì, èmi Maren ni. Lowell ní kí n bá àwọn wò ó bóyá lẹ́tà yìí dáa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún yín pé orin ni wọ́n máa ń kọ láti ibi tá a bá ti gbéra títí dé ibi tá à ń lọ, ohùn wọn ò sì dáa rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni màá gbọ́ ọ.