Bàbá Sípánà, Ẹni Tó Tẹ̀lé Ẹ̀rọ Láti Etí Odò Dé Etí Títì

Etí odò ni wọ́n bí bàbá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sípánà, ní ọdún 1939, nínú ilé oníyàrá kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ. Bàbá tó bí wọn ń gbọn òwú, ìyá wọn ń fọ òwú tí wọ́n bá ti rẹ láró. Odò ló ń yí ẹ̀rọ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀. Àwa ẹbí kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá. A kí ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Tí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìwé wa ò pọ̀.

Ìwé mẹ́fà ni bàbá wa kà. Ní 1953 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ fítà àgbà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Láti ọjọ́ náà, sípánà ò kúrò lápò wọn mọ́.

Ní 1961, odò fà. Àwọn ọ̀gá ní ẹ̀bá ojú irin ló kàn, pé èédú á máa tètè dé, aṣọ á máa tètè jáde. Bàbá wa fọwọ́ ara wọn tú àwọn ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, wọ́n bá wọn lọ, wọ́n tún dè wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Oórì ìyá wọn ṣẹ́kù sétí odò. Wọ́n ní àwọn á máa padà lọ tọ́jú rẹ̀. Wọn ò rí àyè.

Ní 1964 wọ́n gbéyàwó. Ariwo ilé ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ètè lásán làwọn ahunṣọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láìsí ohùn, kálukú á máa wo ẹnu ẹnìkejì. Ìyá wa ń hunṣọ ní ìlà kẹta. Bàbá wa dúró lápá kejì, wọ́n fi ètè bi í pé, "Ṣé o máa fẹ́ mi?" Wọ́n gbàgbé pé gbogbo ìlà ló ń wo ẹnu àwọn. Kí ìyá wa tó ronú, gbogbo ìlà ti fi ètè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó máa fẹ́ ọ! Sáré, kó tó rí ẹlòmíì!" Títí ìyá wa fi lọ ni wọ́n ń sọ fún wa pé, "Èmi ò tíì dá bàbá yín lóhùn o. Ìlà kẹta ló fẹ́ ẹ."

Ìyá wa kú ní 1977. Ikọ́ ni. Ohun tó fa ikọ́, a ò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ní 1979 ọkọ̀ ojú irin dákẹ́, ilé-iṣẹ́ sì kó wá sétí títì yìí, níbi tí iná mànàmáná wà. Bàbá wa tún tú ẹ̀rọ. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá ti kúrò, onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ ń palẹ̀ mọ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á tẹ̀ lé e, koríko á wá gbalẹ̀. A padà lọ wá oórì ìyá wa lẹ́bàá ojú irin nígbà kan. A ò rí i. Sípánà ni bàbá fi ń hú koríko, tí wọ́n ń hú u ṣáá, títí a fi fà wọ́n dìde.

Ariwo gbé etí wọn lọ. Iwájú pátápátá ni wọ́n ń jókòó nílé ìsìn, kí wọ́n lè ka ètè oníwàásù. Bí oníwàásù bá kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n á ké sí i pé, "Kọjú síbí jàre, mo ṣì ń gbọ́!" Àwọn náà ló ń tún ẹ̀rọ omi àdúgbò ṣe, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀gá ní èbúté ló kàn, pé ọkọ̀ òkun ló ń gbé òwú wá báyìí. Ẹni tó bá tẹ̀lé ẹ̀rọ ló níṣẹ́, ẹni tó bá dúró, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ọ̀gá kan wá kí bàbá wa lórí àìsàn, a dúpẹ́. Ahunṣọ kún yàrá. Bàbá ò lè fọhùn mọ́, ètè wọn ń mì. Ọ̀gá tẹrí ba, ó ní, "Bàbá ń gbàdúrà. Àmín o."

Àdúrà kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, a ò fi èyí bá ẹnikẹ́ni jà. Gbogbo ahunṣọ tó wà níbẹ̀ ló ka ètè wọn: "Ẹ̀rọ ń lọ, ẹ̀yin náà ń lọ. Ta ló máa dúró tì mí?" Wọ́n tún un bi wá. Ilẹ̀ la ń wò. Ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ sí.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ láyé. Àkọ́bí, fítà bíi tiwọn, òun ló ń tú ẹ̀rọ lọ́wọ́ báyìí. Èkejì, ahunṣọ, òun ló kọ ìwé yìí. Àbíkẹ́yìn ti wà ní èbúté. Àwọn ọmọ-ọmọ wà pẹ̀lú, wọ́n ti di ẹrù wọn. Onígbàjámọ̀ àdúgbò yìí ti lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bàbá, ọmọ sin yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ìsìnkú ni tírélà tó kó ẹ̀rọ ń gbéra, àwa náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá láti kọ ọ́, àmọ́ a ò fẹ́ kí ìbéèrè yín lọ láìní èsì. Kò sí o, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa dúró.

A ti fi sípánà yín sí yín lọ́wọ́. Ẹ sùn re o. Ẹ̀rọ kankan ò ní tú yín kúrò níbẹ̀ mọ́.