Aṣọ Funfun Ọ̀pá Márùn-ún

Ìyá mi, Àdìgún yín ni. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, mo tilẹ̀ sanra. Apá wa ò ká ogun Mali yìí, wọ́n ti ní kí àwa ṣọ́jà máa bọ̀ nílé. Ìjẹta la fi ibùdó sílẹ̀. Ohun tí inú ọkọ̀ kámíọ̀ wa ò gbà, a dáná sun ún. Ọ̀nà ibí burú ju ti Bago wa nílé tí ẹ máa ń ráhùn lé lórí lọ!

Ẹ má bínú, aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún tí ẹ ní kí n fi rán jàlàbíà Iléyá kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Sàdíkù, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Komah ní Sokodé, ni mo fún. Ó tó o láti orí dé ẹsẹ̀. A tẹ́ Sàdíkù síwájú wa, a kírun lórí ìdúró láìforíkanlẹ̀, kámíọ̀ sì gbéra.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Fúlèrá. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn mi yìí tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọkọ̀ lọ sí Sokodé, ẹ lọ kí ìyá Sàdíkù. Ẹ má dárúkọ aṣọ. Ẹ ṣáà máa bá a ṣa ìrẹsì, kí àwọn ọ̀gá wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ má baà bá òun nìkan nílé.